Ìyá Jẹko, Ẹni Tó La Ọ̀nà Odò

Ẹbí olóògbé kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pa iṣẹ́ tì nítorí wa lónìí, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin darandaran, ẹ̀yin oníbàárà ilé ẹ̀rọ, àti ẹ̀yin ará ìjọ. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ o. Nígbà tí a ń pín iṣẹ́ ìsìnkú yìí, àbíkẹ́yìn ni ẹbí gbé kálámù fún. Wọ́n ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni kí ó wá fi ọwọ́ sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. A sì mọ ìbéèrè tí ẹ ń bi ara yín láti ọjọ́ tí Màmá ti sùn: kí ni àwọn ọmọ yóò ṣe sí ọ̀nà odò? A ti gbọ́. Ìdáhùn wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí a fẹ́ sin.

Ọdún 1944 ni a bí Màmá, ní abúlé kan lábẹ́ òkè, níbi tí omi ti jìn sísàlẹ̀ ilẹ̀. Agbẹ́kànga ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Nínú ọmọ márùn-ún tí àwọn òbí wọ̀nyí bí, Màmá ni ìkẹta. Bàbá wọn a sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, àwọn ọmọ a sì máa fi okùn fa garawa yẹ̀pẹ̀ sókè títí àtẹ́lẹwọ́ wọn yóò fi bó. Ibẹ̀ ni Màmá ti mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun tí a kàn bá nílẹ̀. Ẹnì kan ló ṣe wàhálà rẹ̀. Títí di ọjọ́ ogbó, ẹni tó bá da omi nù lásán níwájú wọn ti wá ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ lọ́rùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà parí. Wọ́n fẹ́ràn ìṣirò, wọn kò sì fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Olùkọ́ wọn kan rò pé òun gbọ́n, ó fi wọ́n ṣe olórí kíláàsì, ó ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn aláriwo. Nígbà tó padà dé, orúkọ Màmá ló wà lókè pátápátá, wọ́n sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Màmá ní kí ni àwọn ìbá ṣe, ṣebí àwọn náà gbọ́ ohùn ara àwọn. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ipò yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1966, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, àgbẹ̀ tí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, tó sì lọ títí dé etí odò. Bàbá kì í sọ̀rọ̀, Màmá kì í dákẹ́. Àwọn méjèèjì ló jọ ń sọ iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ilé kan sọ lójúmọ́. Ẹni tó bá gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀ á gbọ́ ohùn Màmá, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn Màmá. Tí a bá ti gbọ́ ikọ́ Bàbá, ó túmọ̀ sí pé Bàbá ti gbà. A ṣì ń gbọ́ ikọ́ náà létí wa nígbà mìíràn, pàápàá láàárọ̀ tí òjò bá ń rọ̀.

Ọdún kejì ìgbéyàwó ni orúkọ tó wà lókè ìwé yìí dé. Ẹ̀yin àgbà ti mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọmọdé gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an, nítorí oníkálukú ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó ku díẹ̀ kí àgbàdo gbó. Màmá nìkan ló wà lóko nígbà tí darandaran kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò dá agbo màlúù rẹ̀ dúró létí ààlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Òun ni gbogbo wa padà mọ̀ sí Bàbá Súfèé, nítorí kì í dé ibì kan láìsúfèé láti òkèèrè. Yorùbá rẹ̀ kò tíì ju ìkúnwọ́ kan lọ, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kó jọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màlúù jẹun." Màmá wo pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, tí koríko rẹ̀ ti ga dé ìbàdí, tí ẹnikẹ́ni kò lò. Wọ́n ní, "Kí ló wá burú níbẹ̀? Kí wọ́n jẹko, kí wọ́n yó." Ni wọ́n bá gbé agbọ̀n wọn, wọ́n forí lé ilé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ewúrẹ́ tó bá ń jẹko, koríko ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ èdè lẹ́yọ lẹ́yọ mọ "jẹ", ó sì mọ "oko". Inú ọkùnrin náà dùn púpọ̀. Kò rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí, tó ní kí màlúù àjèjì wá jẹ oko ọkọ òun, kí wọ́n sì yó. Ó da gbogbo agbo sínú àgbàdo, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí Bàbá wa àti àwọn àbúrò wọn dé ibẹ̀, pòròpórò ló kù. Àdá ti jáde. Darandaran náà kò sá, ó ń búra pé ìyàwó ilé ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Màmá. Bàbá wa bi wọ́n bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ní kí màlúù jẹ oko, Màmá sì fi ẹkún dáhùn pé, "Mo ní kí wọ́n jẹko ni, n ò ní kí wọ́n jẹ oko!" Bàbá ọkọ wọn, arúgbó tó ti gbé ọwọ́ lé èèkù àdá tirẹ̀ náà, tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ ẹnu, ẹ̀rín sì pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pòròpórò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyẹn kò lè ṣá èèyàn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di Ìyàwó Jẹko, nígbà tó yá, Ìyá Jẹko. Àwa ọmọ jẹ ìyà orúkọ yẹn nílé ìwé, a kò ní purọ́.

Bàbá Súfèé da màlúù rẹ̀ sùn sínú oko tó bàjẹ́ náà ní alaalẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Ìgbẹ́ màlúù kún ilẹ̀, àgbàdo ọdún tó tẹ̀ lé e sì dára débi pé àwọn aládùúgbò wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó da ẹran wá sùn sí oko tiwọn náà. Ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ kí ẹ̀rín mú wọn gbàgbé ẹ̀kọ́. Wọn kò tún fi ẹnu bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ mọ́. Bí àgbẹ̀ bá gbà kí màlúù wọ oko òun lẹ́yìn ìkórè, òun àti darandaran gbọ́dọ̀ jọ rin ààlà náà yí ká, kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ẹran kò gbọ́dọ̀ dé. Wọn a máa sọ pé, "Ẹ má fẹnu sọ ọ́ fún mi. Ẹ fẹsẹ̀ sọ ọ́." Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran tó wà níbí lónìí ni ẹsẹ̀ wọn ti ro rí nítorí gbólóhùn yẹn.

Ní ọdún 1974, Màmá ra ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, wọ́n sì gbé e sínú ahéré onípáànù lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwa ọmọ dàgbà sí. Ìyẹ̀fun bo ohun gbogbo, títí kan ìpéǹpéjú Màmá. Okùn ni wọ́n fi so bẹ́líìtì ẹ̀rọ, òórùn epo kò sì kúrò lára ìró wọn bí wọ́n ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ṣoṣo ló wà, orí rẹ̀ ni ìyàwó àgbẹ̀ àti ìyàwó darandaran jọ ń jókòó dúró de ọkà wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì, á já bọ́ sílẹ̀ ni.

Ilé ẹ̀rọ yìí náà ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Àgbẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ màlúù nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á sáré wá, darandaran tí wọ́n ṣá màlúù rẹ̀ á sáré wá. Màmá kò ní pa ẹ̀rọ. Wọn á júwe bẹ́ǹṣì, wọn á sì máa lọ ọkà lọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jà lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn wò! Ẹnì kan á bú èkejì, èkejì á ní, "Ẹ ní kí ni?" Ó máa ń rẹ̀ wọ́n kí ọkà tó tán. Lẹ́yìn náà ni Màmá á pa ẹ̀rọ, wọn á gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára, wọn á sì kó àwọn méjèèjì lọ sí oko náà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ẹsẹ̀ màlúù kì í purọ́ bí ó bá ṣì tutù.

Wọn kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ gbin ẹ̀wà sí ojú ọ̀nà tí màlúù ti ń gbà kí wọ́n tó bí i, ó wá ń ké pé ẹran ti pa òun. Màmá ní, "Ìwọ tẹ́ ẹní sójú títì, o wá ní mọ́tò ò jẹ́ kóo sùn." Nígbà tí Bàbá Súfèé sùn lọ lábẹ́ igi tí ẹran rẹ̀ fi wọ oko ẹlẹ́pà, òun náà gbọ́ tirẹ̀: "Ṣé súfèé ló ń da màlúù ni, tàbí ìwọ?" Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi súfèé, títí Màmá fi ránṣẹ́ sí i pé àdúgbò ti dákẹ́ jù.

Ní ti ìgbàgbọ́, orí ìjókòó kejì lẹ́bàá fèrèsé ni Màmá ń jókòó sí nínú ilé ìjọsìn, wọ́n sì ń gbá ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àdúrà wọn kúrú, ohun tó ya gbogbo ẹni tó mọ ẹnu wọn lẹ́nu: "Olúwa, fún wa ní òjò, kí O sì fún wa ní làákàyè tí a ó fi pín in." Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí wọ́n pa ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ọkà tán. Bí Bàbá Súfèé bá ń kírun lábẹ́ igi iwájú ilé ẹ̀rọ, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì dúró títí yóò fi parí. Àwọn oníbàárà á máa ráhùn. Màmá á ní ẹni tó ń kánjú lè fi eyín lọ tirẹ̀.

Ọdún 1984 ni ọ̀dá dé. Odò tí a ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ di adágún kékeré kan. Àwọn àgbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ gbin ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ sí gbogbo etí omi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tutù. A kò dá wọn lẹ́bi, ọmọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n kò wá sí àlàfo kankan mọ́ tí màlúù lè gbà dé omi. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí òkè. Àwọn ìyàwó darandaran kò wá sí ilé ẹ̀rọ mọ́, ìdajì bẹ́ǹṣì sì ṣófo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ pọ́n àdá wọn lẹ́bàá ilé wa gan-an, a sì ń gbọ́ ọ láti pálọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá kò ṣí ilé ẹ̀rọ. Wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ oko, sí ilẹ̀ tó dára jù nínú ilẹ̀ ìdílé wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa tòmátì tiwọn tu, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n. Bàbá wa dúró lókè, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ bàbá mi ni o." Màmá ní àwọn mọ̀, bí ilẹ̀ bàbá ẹlòmíràn bá jẹ́ ni, àwọn kò ní lè fà á tu. Nígbà tó yá, a gbọ́ ikọ́ Bàbá. Wọ́n sì gbé ọkọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọ̀nà odò ṣe là nìyẹn, láti orí òkè gba àárín ilẹ̀ wa títí dé omi, tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbo méjì lè pàdé láìkọlu ara wọn. Màmá àti Bàbá Súfèé jọ rìn ín, wọ́n sì gbin lápálàpá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí màlúù kì í jẹ ewé rẹ̀. Ẹran á máa mu lápá ìsàlẹ̀ odò, àwa èèyàn á máa pọn lápá òkè. Àwọn àgbẹ̀ yòókù rí i pé ẹran kò tún wọ oko àwọn, wọ́n sì kó ọgbà tiwọn kúrò lójú ibi tí ẹran ti ń mu. Ata tó jóná nínú oòrùn lọ́dún náà pọ̀, ṣùgbọ́n a kò sin ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa sùn ní ọdún 1998. Ní ọdún 2003, ìjọba ìbílẹ̀ dá ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran sílẹ̀, wọ́n sì yan Màmá sí i. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn, ti àgbẹ̀ lápá ọ̀tún, ti darandaran lápá òsì. Màmá kọ̀, wọn kò jókòó. Wọ́n ní àwọn kò wá wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún gbogbo àga náà tò papọ̀ kí wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹbí kò fẹ́ fi ọdún 2013 pamọ́, nítorí gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Àkọ́bí wa, tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Ó ní Màmá fi ilẹ̀ tó dára jù fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ. Ó fi wáyà dí ọ̀nà. Màlúù tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà yà sínú oko ẹ̀wà aládùúgbò, àgbẹ̀ àti darandaran sì ja ìjà tí ẹ̀rín kankan kò dé láti là. Ọmọ àgbẹ̀ kan àti ọ̀dọ́ darandaran kan dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì méjì tó kọjú síra. Àga kan ló wà láàárín. Màmá jókòó sórí rẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi lè jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yá ẹ̀mú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, tí wọ́n sì fi ọwọ́ arúgbó gé wáyà ọmọ wọn, níṣojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tún dán mọ́rán láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Àkọ́bí ń wá, ó ń bu omi sí àmù, ó ń tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Bàbá Súfèé kú ní ọdún 2019. Lọ́jọ́ náà, Màmá pa ẹ̀rọ láàárọ̀, wọn kò sì tún tan án mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ta wàrà, wá ń jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán, àwọn méjèèjì a sì máa sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Màmá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Àárò àwọn ọ̀sán yẹn ṣì ń sọ wá.

Nígbà tí àìsàn dé, a bẹ Màmá pé kí wọ́n sọ ohun tí a ó ṣe sí ọ̀nà náà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá pàṣẹ, ẹ ó ṣe é nítorí mi, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ tí ẹ bá ti gbàgbé mi. Ẹ̀yin lẹ máa bá àwọn èèyàn yìí gbé." Wọ́n sùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọdún 2024, ní ẹni ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Màmá fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: oníṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àti aránṣọ tó ń kọ ìwé yìí. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, ọmọ ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò obìnrin kan, àti ọmọbìnrin Bàbá Súfèé, ẹni tí ẹbí ní kí a kọ mọ́ àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wá léèrè.

Lẹ́yìn ikú wọn, àwa ọmọ pé sí pálọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, nítorí ọwọ́ àkọ́bí ni ó bọ́ sí. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, awakọ̀ sọ̀rọ̀, aránṣọ sọ̀rọ̀ jù. Àkọ́bí dìde, ó lọ sílé, a sì rò pé ó ti bínú. Ẹ̀rù ohun tí yóò ṣe bà wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí a ka ìwé yìí fún un kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó gbọ́ ọ títí dé ibí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní ó ku ohun kan, ó sì pe èyí fún àbíkẹ́yìn kọ:

"Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ tàbí àga sí ojú ọ̀nà odò. Màlúù yóò kọjá lọ mumi ní ìrọ̀lẹ́ òní, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti máa kọjá lọ́la àti lọ́jọ́ gbogbo. Bí wọ́n bá dé nígbà tí a ṣì wà létí sàréè, kí pásítọ̀ jọ̀wọ́ dá àdúrà dúró díẹ̀, kí a sì súnra fún wọn. Inú Màmá mi kò ní bàjẹ́ sí i."

Ẹ sùn re, Màmá. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún wa.